Edan Tí Ó Kán: Ìtàn Àtúnṣe Ère Idẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Edan ni orúkọ tí à ń pe ère idẹ méjì, akọ àti abo, tí a fi ẹ̀wọ̀n so lórí pọ̀, tí ó jẹ́ àmì àwọn Ògbóni. Púpọ̀ nínú wọn kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ a máa gbé e kọ́ ọrùn. Apènà a sì máa fi í ránṣẹ́ pe ẹni tí ọ̀ràn bá kàn. Èyí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí a kì í sábà bá pàdé nínú ìwé ni ìbéèrè yìí: bí edan bá kán ńkọ́, tàbí bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, ta ni ó ń tún un ṣe, báwo ni ó sì ṣe ń tún un ṣe? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àtúnṣe ère kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa, pé oríṣìí mẹ́ta ni ó wà, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìtàn tí a kọ sí ara ère.

Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Kí Ìbàdàn tó di ibùdó àwọn jagunjagun ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ìlú Ẹ̀gbá ni ó pọ̀ ní àyíká ibẹ̀. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá ṣí lọ sí Abẹ́òkúta. Láàrin wọn, ọwọ́ Ògbóni ni ìṣàkóso ìlú wà. Àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ náà mọ edan. Nítorí náà, bí ọmọ-ọmọ kan bá ṣí àpótí baba àgbà ní ìletò oko ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá bá edan níbẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti já, tí irin ìdí rẹ̀ ti dógùn-ún, tí ara rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé. Kí ni kí ó ṣe sí i?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe edan. Alágbẹ̀dẹ idẹ a kọ́kọ́ mọ amọ̀ yí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká. Yóò fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ara ìda ni yóò sì ti fi ọwọ́ ya ojú, imú àti irùngbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, tí yóò sì fi iná sí i. Ìda yóò yọ́ jáde. Idẹ tí a ti yọ́ yóò sì wọ àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ òde dànù. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi amọ̀ kan ṣe ère méjì. Nínú ìṣe yìí kan náà ni àìsàn ère ti ń bẹ̀rẹ̀. Idẹ kì í dógùn-ún bí irin. Àwọ̀ ewé tí ó ń mú wá lè dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ń dógùn-ún, ìpẹtà a sì máa wú. Bí ó bá wú, a sán idẹ tí ó yí i ká. Iyọ̀ inú ilẹ̀ pẹ̀lú lè dá egbò sí ara idẹ, egbò tí ń hu ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni ti alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀. Bí idẹ yíyọ́ kò bá dé ibì kan, ihò ni yóò wà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í sọ ère nù nítorí èyí. A tún da idẹ gbígbóná sí ojú ihò náà kí ó lè lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára ère ọkùnrin tí ó jókòó, tí a bá ní Tada, ìletò àwọn Nupe ní etí Odò Ọya. Bàbà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, bàbà sì ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Ifẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ti jáde. Ibi tí wọ́n lẹ̀ lára rẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà náà mọ bí a ti ń wo iṣẹ́ sàn.

Àtúnṣe kejì ni ti àwọn tí ń bọ ère. Àwọn ìyá ìbejì a máa wẹ ère igi ọmọ wọn, wọn a fi osùn pa á lára, wọn a sì fi aró kun irun rẹ̀. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé, wọ́n ń lo ìyẹn náà. Ohun tí a ń ṣe fún igi ni a ń ṣe fún idẹ. Nígbà kan rí, àwọn ará Tada a máa gbé ère wọn lọ sí odò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọn a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ inú odò fọ̀ ọ́, kí aya wọn lè bímọ kí ẹja sì lè pọ̀. Ara ère náà ti ṣá nítorí èyí. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó má ṣe wí pé àìbìkítà ni ó fà á, ìtọ́jú ni.

Ọ̀dà pẹ̀lú kò ṣàjèjì. Ní 1938 àti 1939, a hú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀. Orí aládé tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀dà pupa àti dúdú ṣì wà lára adé rẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: bí ẹni tí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ bá ti fi gbogbo agbára ha á títí ó fi dán, ta ni ì bá mọ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ a máa kun idẹ wọn?

Àtúnṣe kẹta ni ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ hú ère Ọba, ère Ọba àti Olorì tí ó so ẹsẹ̀ kọ́ra, àti ìkòkò kékeré kan tí ère obìnrin ká mọ́. Irin iṣẹ́ wọn ba díẹ̀ nínú wọn jẹ́. Láti ìgbà náà ni irú iṣẹ́ àtúnṣe yìí ti di ohun tí a ń kọ́: ní 1963, a dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Jos fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Òfin irú àtúnṣe yìí yàtọ̀ sí ti méjì ìṣáájú. Ẹni tí ń ṣe é kò gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí kò ní jẹ́ kí ère bàjẹ́ sí i lọ; ohun tí ó bá fi lẹ̀ ẹ́ gbọdọ̀ ṣe é tú lọ́jọ́ iwájú; ó sì gbọdọ̀ kọ gbogbo ohun tí ó ṣe sílẹ̀.

Ìdí pàtàkì kan wà fún ìṣọ́ra yìí. Amọ̀ tí iná ti jó a máa kó agbára pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí a bá tún mú un gbóná, agbára náà yóò jáde bí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti pọ̀ tó ni a ó fi mọ iye ọdún rẹ̀. Ní 1976, Frank Willett àti Fleming tẹ àbájáde irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwọn ère ilẹ̀ Nàìjíríà. Nípa rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá ni a ṣe ère Tada. Ṣùgbọ́n bí ajórin bá fi iná lẹ edan tí ó kán, amọ̀ inú rẹ̀ yóò gbàgbé gbogbo ọdún tí ó ti kà. Láti ọjọ́ ajórin náà ni yóò tún máa kà. Ère baba ńlá yóò wá di ọmọ àná.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ tí ó ṣí àpótí. Bí edan náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ilédì, àwọn tí ó ni ín ni ó ní àṣẹ láti sọ bí a ó ti tún un ṣe. Àtúnṣe wọn jẹ́ ara ayé ère náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń lò ó bá ti kú, tí kò sì sí ẹni tí yóò jogún oyè rẹ̀, ẹ̀rí ni edan ti dà. Kí a má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, nítorí omi kíkan a máa jẹ idẹ. Kí a má ṣe fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, kí a má sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ajórin. Kí a fi aṣọ mímọ́ wé e, kí a gbé e síbi gbígbẹ, kí a kó ẹ̀wọ̀n àti àfọ́kù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ti ìletò rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò gbà kí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Edan tí ó kán, tí a mọ ilé tí ó ti wá, ṣì lè sọ̀rọ̀ fún òpìtàn. Èyí tí ó ń dán yanranyanran, tí a ti fọ ìtàn ara rẹ̀ dànù, tí a kò sì mọ ìletò rẹ̀ mọ́, kò ju idẹ lásán lọ.