Oko Ìjọba àti Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ó Wá sí Múṣin

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ ti ń fún ọmọ ní àròkọ tí àkòrí rẹ̀ jẹ́ 'Ìgbé ayé oko sàn ju ti ìlú ńlá lọ'. Ọmọ Múṣin tí kò dé oko rí yóò kọ ọ́ pé atẹ́gùn oko tutù, a ó sì fún un ní máàkì. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdí tí bàbá àgbà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi kúrò ní oko, nígbà tí ìjọba gan-an ń náwó kí ọ̀dọ́ má baà kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó jáde ìwé mẹ́fà fi pọ̀ ju iṣẹ́ akọ̀wé lọ. Nígbà tí ó fi máa di 1960, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn oko tuntun dó, irú èyí tí ó wà ní Akùfọ̀ àti Ìlọrà. Olóyè Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn; abúlé àjùmọ̀ṣe àwọn ará Ísírẹ́lì ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, wọ́n pèsè katakata, wọ́n sì ń fún wọn lówó oúnjẹ títí irè oko yóò fi dé.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sá. Ọ̀pẹ àti kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn wọ́n, gbèsè ìjọba sì wà lọ́rùn wọn. Lójú tiwa, àléébù tí ó tóbi jù wà níbòmíràn: iye tí wọ́n ná lórí àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n abúlé tí òbí wọn ń gbé kò tíì rí ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ tí ó rí èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò oníwàásù.

Múṣin ni ọ̀pọ̀ gbà lọ. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni Múṣin wà títí di 27 oṣù Èbìbí 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní Sùúrùlérè, lẹ́bàá ibẹ̀, àjọ LEDB ti la òpópónà láti 1955, ó sì kọ́ ilé fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní Múṣin, onílẹ̀ ń gé ilẹ̀ tà, ilé sì ń yọ ṣáájú títì àti gọ́tà. (Ẹni tí ó bá ti fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ nígbà òjò kò ní jiyàn.)

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ DFRRI sílẹ̀ ní 1986, ọ̀nà, omi àti iná fún àwọn abúlé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Èrò yẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó dé.

Àbá kan ni a ní fún àwọn tí ń ṣètò ìdánwò: ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun tí kò sí lábúlé lọ́jọ́ tí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó sì kọ ìdáhùn náà wá.