Bí orin ṣe dé inú gbogbo yàrá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin ní láti lọ bá olórin níbi tó ti ń kọ ọ́. Ní 1877, Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Ní 1887, Berliner mú àwo pẹlẹbẹ jáde. Ní 1963, Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí.

Lẹ́yìn náà, a ń kó orin sínú kọ̀ǹpútà. Ní 2004, Apple ta ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba orin láti inú kọ̀ǹpútà láìsí okùn, tó sì ń gbé e fún gbohùngbohùn. Ní 2005, ti Sonos dé: orin kan ṣoṣo lè dún ní yàrá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn kì í tọ́jú orin. Bí ibi tí a kó orin sí bá bàjẹ́, gbogbo yàrá á dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ń gbó. Nítorí náà, ẹ da orin àwọn àgbà kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì pamọ́ síbòmíràn. Ohùn tó bá sọnù, ẹ̀rọ kankan kò lè pè é padà.