Oògùn tí a ń Dánwò fún Àrùn Parkinson: Àlàyé fún Ará Ìlú

Àrùn Parkinson jẹ́ àrùn ọpọlọ tí ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara le, kí ìrìn sì falẹ̀. James Parkinson, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1817. Àwọn àgbàlagbà ni ó ń ṣe jù, ìdí nìyí tí àwọn ẹbí kan fi ń rò pé ọjọ́ ogbó lásán ni. Kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tí ń dín ìnira rẹ̀ kù wà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Dopamine ni kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn nígbà tí ara bá fẹ́ gbéra. Lára sẹ́ẹ̀lì tí ń gba iṣẹ́ náà ni àwọn olùgbàṣẹ wà. Bí kọ́kọ́rọ́ ti rí sí àgádágodo ni dopamine rí sí olùgbàṣẹ. Nínú àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀.

Levodopa ni oògùn tí a mọ̀ jù. Ọpọlọ ni ó ń sọ ọ́ di dopamine. Ó wà nínú èso wèrèpè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba láti èso kan sí òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wèrèpè rọ́pò oògùn dókítà.

Oògùn tuntun

Oríṣi olùgbàṣẹ dopamine márùn-ún ni ó wà. Àwọn oògùn àtijọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta lè fa oorun òjijì tàbí kí aláìsàn máa ta tẹ́tẹ́ láìlè dá ara rẹ̀ dúró. Tavapadon ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀kíní àti ẹ̀karùn-ún. Ó ń ṣí àgádágodo náà, ṣùgbọ́n kì í ṣí i tán. Ní ọdún 2024 ni a kéde àbájáde ìdánwò rẹ̀ ti ìpele kẹta. Èébì, orí fífọ́ àti òòyì wà lára ìnira tí a rí.

Ìpele ìdánwò

1. Ènìyàn díẹ̀, láti mọ̀ bóyá oògùn náà léwu.
2. Aláìsàn díẹ̀, láti mọ ìwọ̀n tí ó yẹ.
3. Ọ̀pọ̀ aláìsàn, láti fi wé oògùn mìíràn tàbí èyí tí kò ní agbára.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ yóò pinnu bóyá kí a máa tà á.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí a fẹ́ dánwò oògùn lára rẹ̀

Ní ọdún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dánwò oògùn Trovan. Ọmọdé bí 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà; wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, ìdajì yòókù gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú: márùn-ún lára àwọn tí ó gba Trovan, mẹ́fà lára àwọn yòókù. Àwọn òbí kan ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda àfẹnusọ. Ní ọdún 2009, wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kano.

Lónìí, NAFDAC àti ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìdánwò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé ète àti ewu rẹ̀. Nítorí náà:

- Ẹ béèrè ìwé àṣẹ, kí ẹ sì ní kí a ṣàlàyé ní èdè tí ó yé yín.
- Ẹ má ṣe tẹ ìka tàbí fọwọ́ sí ohun tí kò yé yín.
- Ẹ lè kúrò nínú ìdánwò nígbàkígbà.
- Oògùn tí a ṣì ń dánwò kì í ṣe ọjà títà. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ẹni tí ó bá rí àmì àrùn yìí, kí ó lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkẹ́kọ̀ọ́ ti Yunifásítì UNIMED ní ìlú Oǹdó. Ẹni tí ó ti ń lo levodopa kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí ìròyìn oògùn tuntun. Ó lè fa ewu ńlá. Kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.