Orúkọ Wo La Ó Pe Àyẹ̀wò Yìí?

Jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n wà tó máa ń hù lára àpòlúkù tàbí ìfun. GIST ni àwọn dókítà ń pè é. Lọ́dún 1998, Hirota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí i pé jíìnì kan, KIT, ló sábà máa ń yí padà nínú kókó jẹjẹrẹ náà. Àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i kò wá dáwọ́ dúró mọ́, bíi bọ́tìnì iná tí ẹnikẹ́ni kò rí pa. Oògùn imatinib ló ń pa bọ́tìnì náà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún GIST ní 2002. Ní 2003, wọ́n ti ń fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ní oògùn yìí kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé wa, ó sì yẹ ká rí èdè fi sọ ọ́.

Ẹni tó bá túmọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àyípadà jíìnì yìí sí "àyẹ̀wò àjogúnbá" ti dá ìjà sílẹ̀. Ẹbí aláìsàn á gbọ́ ọ bíi pé àrùn ìdílé ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ GIST, inú kókó nìkan ni àyípadà náà wà. Ìdílé tó ń jogún rẹ̀ kò tó nǹkan. "Àyẹ̀wò jíìnì" lásán náà á mú ọkàn lọ sí jẹ́nótáìpù, AA àti AS tí àfẹ́sọ́nà ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. "Apilẹ̀ àbùdá" dùn létí, àmọ́ ohun tí a bí mọ́ni ni àbùdá. "Àyẹ̀wò jíìnì inú kókó" ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí KIT ti yí padà ńkọ́? "Abala" tó, bí a ṣe ń lò ó fún ìwé òfin. Abala 11 sábà máa ń gbọ́ 400 mìlígíráàmù imatinib lójúmọ́. Abala 9 sábà máa ń fẹ́ 800. Ẹ má pè é ní "ipele" o, torí ipele la fi ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe tàn tó, aláìsàn á sì rò pé 11 burú ju 9 lọ. Bó bá jẹ́ jíìnì PDGFRA ló yí padà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní D842V, imatinib kì í ká a. Avapritinib, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, ló ń ká a.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ògbufọ̀, kí ẹ tó gba ìbuwọ́lù aláìsàn, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé kókó ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìran rẹ̀.