Ọkọ̀ Dayspring àti Àpáta Jẹ́bà: Ìjàǹbá Orí Odò Ọya tí Àbájáde Rẹ̀ Dé Èkó

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìtàn ọkọ̀ eléèéfín kan ni, Dayspring ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, ọdún 1857, ọkọ̀ náà fọ́ sórí àpáta abẹ́ omi nítòsí Jẹ́bà, lórí Odò Ọya, ní ilẹ̀ Tápà.

Kí ni ọkọ̀ àwọn Òyìnbó ń wá kiri ní ibẹ̀? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ mọ ipa ọ̀nà odò ńlá náà. Mungo Park kú sí Búsà ní 1806. Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n láti Búsà dé òkun ní 1830. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ, ibà sì pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá wọn rìn. Nígbà tí ó di 1854, Dókítà William Balfour Baikie wa ọkọ̀ Pleiad dé Odò Bẹ́núé. Wọ́n ń lo oògùn kuniíní lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn Òyìnbó ọkọ̀ náà tí ó kú. Èyí ni ó fún wọn ní ìgboyà. Ìjọba bá Macgregor Laird, oníṣòwò, ṣe àdéhùn, wọ́n sì rán Dayspring jáde ní 1857.

Baikie ni olórí ìrìn àjò náà. Lára àwọn tí ó bá a lọ ni John Hawley Glover, ọ̀gá kékeré nínú ọmọ ogun ojú omi, àti Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Ní oṣù July, Crowther fi Àlùfáà J. C. Taylor sílẹ̀ ní Onitsha láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ C.M.S. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tẹ̀ síwájú, ó kọjá Rábà, wọ́n sì ń retí àtidé Búsà.

Ní Jẹ́bà, òkè há odò mọ́, omi ń rọ́ kíkankíkan láàrin àwọn àpáta. Àpáta ńlá kan yọrí sókè láàrin omi níbẹ̀ tí àwọn Tápà ń pè ní Ketsa, tí wọ́n sì ń bọ. Lander àti àbúrò rẹ̀ ti kọ nípa rẹ̀ ní 1830: wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ pé ẹ̀mí rere ń gbé inú rẹ̀ tí ó máa ń ran àwọn arìnrìn-àjò tí ìpọ́njú bá lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó rí èyí tí ó yọrí. Èyí tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi ni ó fọ́ ọkọ̀.

Ní etí òkun àwọn ìlú ńlá, ilé iná gíga a máa wà tí ń tàn lóru láti kìlọ̀ fún atukọ̀. Àwa ará Èkó mọ ìtumọ̀ ewu omi: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ odi sínú òkun ní 1907, òkìtì yanrìn tí ó wà lẹ́nu òkun Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńláńlá wọlé. Lórí Odò Ọya ní 1857, kò sí ilé iná, kò sí òpó àmì. Orí àwọn tí ń wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ìmọ̀ ọ̀nà wà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì lè fò lórí ibi tí ọkọ̀ eléèéfín yóò ti kanlẹ̀.

Ọkọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n àwọn èrò inú rẹ̀ gúnlẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi pàgọ́ sí ẹ̀bá odò, títí ọkọ̀ Sunbeam fi dé ní 1858. Crowther kò fi àkókò náà ṣòfò. Ó ń kọ́ èdè Tápà, ní 1864 ni ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè náà sì jáde, ọdún kan náà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Glover ní tirẹ̀ gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó láti wá ohun èlò fún àwọn tí ó wà ní àgọ́, ó sì tún padà. Ọ̀nà Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbà. Lójú ọ̀nà ni àwọn ẹrú Hausa tí ó sá kúrò lọ́wọ́ olúwa wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: lọ́wọ́ àwọn baba wa ni púpọ̀ nínú wọn ti sá. Inú àwọn tí ó ni wọ́n kò dùn, ẹjọ́ ẹrú tí ó sá lọ sí Èkó sì dá ìjà sílẹ̀ láàrin Èkó àti àwọn ìlú òkè fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá náà mọ ohun tí ó ń wá.

Nígbà tí Glover di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, irú àwọn Hausa bẹ́ẹ̀ ni ó kó jọ ṣe ọmọ ogun ní 1863. Wọ́n wà lára àwọn tí ó lé ogun Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú ní 1865. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí a sì lé àwọn Onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, Glover, tí ó ti di olórí ìjọba Èkó, ni ó fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tà, tí kò jìnnà sí wa. Ará Èkó ń pè é ní Gólóbà.

Ẹ wò ó bí ọ̀nà ṣe pàdé. Rélùwéè tí ó gba Mùṣín kọjá láti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, afárá ibẹ̀ sì parí ní 1916. Búsà àtijọ́ tí Dayspring ń lọ ti wà lábẹ́ omi láti ìgbà tí ìdídò Kàǹjí ti parí ní 1968.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tí mo rí kọ́ ni pé ìmọ̀ tí ó wà lórí ẹni kan ṣoṣo kì í ṣe àtùpà fún àlejò. Ní Pápá Àjàó, àwọn àgbà wà tí ó mọ ibi tí omi ń gbà kọjá kí ilé tó bo ilẹ̀, àti ibi tí ààlà ilẹ̀ kan ti pin sí òmíràn. Ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀, tí ó fẹ́ wá kọ́lé sílé, kò mọ̀ ọ́n. Àlejò kò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn àgbà náà bá lọ láìsọ, orí àpáta abẹ́ omi ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ gùn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa kí ó yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò mú ìwé àti kálàmù tọ àwọn àgbà lọ, kí a sì tẹ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé yìí lọ́dọọdún. Ilé iná tiwa nìyẹn. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.