Tẹmositáàtì

Àwọn kan máa ń pe tẹmositáàtì ní tẹmomítà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tẹmomítà kàn ń wọn ooru ni. Tẹmositáàtì ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru pé kó ṣiṣẹ́ tàbí kó dúró. Gíríìkì ni wọ́n ti fà á yọ: “tẹmo” jẹ mọ́ ooru, “sitáàtì” jẹ mọ́ ìdúró.

Ní Ítálì, sítóòfù tó ń jó lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n tẹ̀ di kóró wọ́pọ̀ gan-an nígbà òtútù. Níbẹ̀, èèyàn lè sọ pé: “Wọ́n gbé tẹmositáàtì sí 20°C, sítóòfù sì rọlẹ̀ nígbà tí yàrá móoru tó.”

Ẹni tó gbé tẹmositáàtì sí 30°C kí ilé lè tètè móoru ti ṣì í lóye: ibi tí ooru yóò dúró ló ń yàn. Ara ògiri inú ilé, ní nǹkan bíi mítà 1.5 sókè, ló dára kó wà, kó jìnnà sí sítóòfù àti oòrùn, kó má baà ṣi yàrá wọ̀n.