Àtọ̀gbẹ Kì Í Dá Rìn



Kí ọdún 1921 tó dé, ọmọ tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé. Ọdún náà ni Banting àti Best rí ìnsúlínì ní Toronto, ní Kánádà. Ní January 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó tún lo bí ọdún 13 láyé.

Bí ẹ̀mí ṣe ń gùn sí i ni wàhálà mìíràn yọjú: ṣúgà tó bá pẹ́ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àwọn tín-ín-rín ń bàjẹ́ nínú ojú àti kíndìnrín; àwọn ńlá ń dí nínú ọkàn, ọpọlọ àti ẹsẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe darí, tó jáde ní 1997, rí àtọ̀gbẹ lára bí ènìyàn 2 nínú 100 ní Nàìjíríà. Ní Lagos Mainland, ó lé ní 7.

Ní 1998, ìwádìí UKPDS ní Ìlú Ọba wo àwọn alátọ̀gbẹ tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín àwọn tí wọ́n túbọ̀ kó ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níjàánu, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù.

Nítorí náà, ẹni tó ń yẹ ṣúgà nìkan wò, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ojú, ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ yín. Egbò ẹsẹ̀ tí kò dunni, òun gan-an ni kí ẹ tètè gbé lọ sí ọsibítù. LASUTH ní Ìkẹjà kò jìnnà sí wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará.